Ohun èlò àdìrẹ Ìtòkú fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́: èyí tó yẹ ká rà, èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀ lọ́jà

Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn ń kọrí sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ tu ara wọn lára. Ìyẹn dáa. Àdìrẹ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa, ohun tí wọ́n fi ń ṣe é kò sì ju agbára ẹgbẹ́ kékeré lọ. Ṣùgbọ́n oníṣòwò aṣọ ni wọ́n ń tajà fún níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó to igbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ ọdún 16 tí oorun ti dá lójú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò sì rí ẹni sọ fún. Nítorí náà, bí a ṣe ń yẹ àwọn ọjà yìí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹwà aṣọ kọ́ ni a ń fi wọ́n wọ̀n. Ohun tí a ń wò ni bí ọjà náà ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, àti bóyá ó ń jẹ́ kí àwọn tó jókòó papọ̀ nílò ara wọn.

Bí owó yín bá mọ níwọ̀n, ẹ ra ìko, fọ́nrán ewé ọ̀gọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń di aṣọ, àti aṣọ òwú funfun nìkan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Aró lè dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ṣe òdìkejì èyí: aró ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà, wọ́n á fi rọ́bà di aṣọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á rì í bọ aró, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Aṣọ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ orúkọ ẹni tó jókòó tì í.

Ìko la fi ṣáájú. Ìdì ìdì ni wọ́n ń tà á, gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ bíi koríko tí oòrùn pa. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ láàárín ìdì, ẹ má fa ti òkè, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án. Ìko tó dáa á kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀ kó tó kọ̀. Èyí tó ti pẹ́ jù lójú oòrùn á já pàtì. Èyí tó bá já bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ìyá tó ń tà á. Ọmọ tí ìko bá já mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra kò ní sọ pé ìko ló burú. Á gbà pé òun ni kò mọ nǹkan kan ṣe, ohun tí ọkàn rẹ̀ sì ti ń sọ fún un láti òwúrọ̀ nìyẹn.

Ẹ rẹ ìko sínú omi fún bí ìdajì wákàtí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti rọ̀, èékánná ni wọ́n fi ń là á sí fọ́nrán tín-ín-rín tí ìbú rẹ̀ kò ju ti igi ìṣáná lọ. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ aṣọ, ẹ gbá aṣọ mọ́ ọn, ẹ yí ìko mọ́ ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ fà á kó le, kí ẹ tó so ó. Ẹ fi ìka tẹ kókó náà wò. Bí òkúta bá ń yí nínú rẹ̀, kò tíì le tó, aró á gba abẹ́ ìko wọlé, òrùka funfun tí ẹ ń retí á di àbàwọ́n lásán. Bí òkúta ńlá bá wà láàárín tí kéékèèké yí i ká, ẹ ti rí ohun tí àwọn àgbà aláró ń pè ní ọṣùbàmbà: òṣùpá ńlá àti ìràwọ̀ tó yí i ká. Bátánì yìí ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ojú kì í sì í ti ẹnikẹ́ni nítorí pé òrùka rẹ̀ kò ṣe rogodo.

Ìdajì ọ̀pá aṣọ tó ní kókó 40 á gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ju wákàtí kan lọ. Àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kókó tó bá tóbi, ènìyàn méjì ló ń dì í: ẹnì kan á gbá aṣọ mú, ẹnì kejì á máa yí ìko, wọ́n á jọ mí, wọ́n á jọ fà á. Ojú àwọn méjèèjì wà níbi ọwọ́ wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ lẹ́nu ọmọ tó jẹ́ pé, bí ẹ bá gbé àga síwájú rẹ̀ tí ẹ ní kó sọ tinú rẹ̀, ṣe ni yóò ní "kò sí nǹkan kan". A kò rí ohun èlò mìíràn lọ́jà náà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí bíi ti ìko. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó yá ju ìko lọ, ṣùgbọ́n ó ń ta dànù lójú ẹni, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń lò ó, kò nílò ọwọ́ kejì. Okùn láílọ́ọ̀nù le, ó ń ge ìka, ó sì ń fẹ́ abẹ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú u.

Ọ̀rọ̀ abẹ nìyí o. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ tà máa ń fi abẹ tú ìko kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ má kó abẹ wá síbi ìpàdé irú èyí rárá. Àlùmọ́gàjí tí ẹnu rẹ̀ kò mú, méjì péré, tí olùdarí kà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tó sì tún kà nígbà tí wọ́n bá parí, ó tó. Láàárín ọmọ mẹ́wàá tí ọkàn wọn gbọgbẹ́, ó lè ní ẹni tó ti ń pa ara rẹ̀ lára ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ bi í níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi abẹ sí àrọ́wọ́tó rẹ̀. Ọwọ́ lásán ló yẹ kí wọ́n fi tú ìko. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n aṣọ kò ní ya.

Aṣọ: òwú pọ́ńbélé ni kẹ́ ẹ rà, ìdajì ọ̀pá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó kéré tó láti parí, ó sì tóbi tó láti fi wé orí tàbí láti gbé kọ́ ara ògiri yàrá. Ọ̀pọ̀ aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní òwú lọ́jà ni pọ́líẹ́sítà ti wọ̀. Ẹ fa òwú díẹ̀ jáde létí rẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i: òwú gidi á jó di eérú, òórùn rẹ̀ á dà bíi ti bébà tó ń jó, èyí tó bá yọ́, tó di hóró dúdú líle, kò ní gba aró dáadáa. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ aṣọ tuntun kí ẹ tó lò ó, torí ohun tí wọ́n fi mú un le ní ilé iṣẹ́ ló ń fa kí aró mú níhìn-ín, kó kọ̀ lọ́hùn-ún. Gínì náà dára, ó sì ń dán, àmọ́ ó le láti dì fún ìka ọmọdé.

Kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti ra èyí tí wọ́n ti tẹ àwòrán àdìrẹ sí láti òkè òkun. Ó ti kún Ìtòkú fọ́fọ́ rí. Ẹ yí aṣọ padà: bí ojú kan bá mọ́ roro tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí bàìbàì, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Aró wá kù. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀lú, ewé tí àwọn ìyá wa ń gún, tí wọ́n ń ṣù ní ìṣù ìṣù, tí wọ́n ń sá gbẹ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí tí yóò fi kan. Ẹ lè rí ìṣù ẹ̀lú rà, ṣùgbọ́n ìkòkò aró kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè dá tọ́jú. Bí omi eérú kò bá le tó, aró kò ní mú. Bí ẹ bá pa á tì, ó kú. Ohun tó dára jù ni kẹ́ ẹ mú àwọn ọ̀dọ́ lọ bá ìyá aláró kan tó ní ìkòkò tirẹ̀, kẹ́ ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kí wọ́n jókòó tì í. Ìyá tó ti rẹ aṣọ láti kékeré, tí ń ké sí Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, kó tó ṣí ìkòkò, ní sùúrù kan lára tí kò ṣeé rà nínú láílọ́ọ̀nù.

Ọ̀nà kejì ni aró ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń lò pẹ̀lú kọ́stíìkì sódà àti háídírò, ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí aró wọ inú aṣọ. Òun ló yá, òun ló wọ́pọ̀, òun náà ló léwu. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ aláró ń tẹ̀lé ni ṣíbí aró kan, ṣíbí sódà kan, ṣíbí háídírò méjì. Fún aṣọ ènìyàn 12, tí í ṣe ọ̀pá 6, ṣíbí ìjẹun aró mẹ́ta, sódà mẹ́ta àti háídírò mẹ́fà á tó, nínú omi gbígbóná tó lè bo gbogbo aṣọ náà mọ́lẹ̀. Ike ńlá ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù, sódà ń jẹ ẹ́, á máa hó, á sì máa tú afẹ́fẹ́ tí iná lè mú jáde. Omi ló ń ṣáájú, sódà ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá da omi lé sódà lórí, ó lè ta sí i lójú. Ẹ po aró lọ́tọ̀, ẹ po sódà lọ́tọ̀, ẹ dà wọ́n pọ̀, kí háídírò wọlé kẹ́yìn. Ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá ti jinná, ìfófòó á bo ojú rẹ̀, àwọ̀ omi tó wà lábẹ́ á sì yàtọ̀ sí ti òkè. Bí kò bá yí padà, háídírò ti kú: wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ lọ́jà kí ẹ tó rà á, tàbí ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́. Aró tó bá wọ aṣọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ á ṣí kúrò nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ìbànújẹ́ ọmọ tó fi wákàtí méjì dì í kò sì kéré. Ẹ ra háídírò tí wọ́n ṣí lójú yín. Ẹ dì í pa kó má rí omi, nítorí èyí tí omi bá kàn lè gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná.

Àgbàlagbà nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sódà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbomú àti awò ojú, ní gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó má sùn sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí nílé olùdarí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Sódà jẹ́ ohun tí ènìyàn lè gbé mu lọ́jọ́ tí ayé bá sú u, ọ̀nà ọ̀fun tó bá sì jóná kò rọrùn láti tún ṣe. Bí ibi tí ẹ ń lò kò bá ní àpótí tó ṣeé tì, ẹ gbàgbé aró yìí. Ẹ gbé aṣọ dídì lọ sọ́dọ̀ aláró, kó bá yín rẹ ẹ́.

Ohun kan wà tó mú kí gbogbo wàhálà yìí tọ́ sí i, ìgbà tí aṣọ bá ń jáde nínú aró aláwọ̀ ẹ̀lú sì ni. Aṣọ kì í jáde ní búlúù. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ló máa ní, bíi ti ọsàn tí kò tíì pọ́n tán. Ẹ nà án sókè. Láàárín ìmí díẹ̀, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún láti etí, ewé á di omi òkun, omi òkun á di aró, lójú gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín dì í mú fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ nígbà náà, ẹ má sì fi í ṣe àpèjúwe ayé rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ni kí wọ́n tó tú ìko, kí wọ́n ṣàn án nínú omi tútù títí omi fi mọ́.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sára aṣọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀, la fi sí ipò kejì, fún àwọn tó fẹ́ràn àwòrán. Ife láfún kan, omi, àti ṣíbí kékeré álọ́ọ̀mù kan, kí ẹ sè é títí yóò fi ki ju ẹ̀kọ mímu lọ, kí ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó rí aró, ìyẹn lè gba ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta lákòókò òjò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń rì í bọ aró gbígbóná: ẹ̀kọ á yọ́, gbogbo àwòrán á lọ. Aró tútù nìkan ló yẹ ẹ́, ìyẹn ni pé ìkòkò ẹ̀lú ìyá aláró ló dára jù fún un. Ohun tó wù wá nínú ẹlẹ́kọ ni pé bátánì rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ. Ìbàdàndùn wà, tó ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó nínú, Olókun wà, èyí tí wọ́n ṣe fún ayẹyẹ ọdún 25 ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935 náà wà. Ẹ ní kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀ lórúkọ. Bí ó bá pe é ní "Òru mi", ẹ kọ "Òru mi" sílẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Olùdarí tó bá ń túmọ̀ àwòrán fún ẹni tó yà á yóò rí i pé láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òdòdó nìkan ni wọ́n ń yà.

Alábẹ́là, èyí tí wọ́n ń fi ìda yíyọ́ ṣe, kò yẹ fún irú ẹgbẹ́ yìí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìda ń jó ọwọ́, bí ó bá sì gbiná, omi tí ẹlòmíràn á sáré bù lé e ni yóò mú iná náà fọ́n káàkiri. Fóòmù tí wọ́n gé ní bátánì, tí wọ́n fi ń tẹ aṣọ, rọrùn, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì wúlò fún ẹni tó ń tijú ọwọ́ ara rẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ tán, ìjókòó á sì tú ká.

Ọjà nìkan kò tó, ká sọ òótọ́. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kó jọ ní 2019, tó lé ní 3,000, fi hàn pé iṣẹ́ ọnà ń ṣe ìlera ara àti ti ọkàn láǹfààní; kò sọ pé aṣọ rírẹ rọ́pò dókítà. Ènìyàn 8 sí 12 ni kó wà nínú ẹgbẹ́ kan, pẹ̀lú olùdarí méjì, kí ẹnì kan lè bá ọmọ tó bá ń sunkún jáde láìfi àwọn yòókù sílẹ̀. Ọjọ́ kan náà, aago kan náà, ẹní kan náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó máa dì tirẹ̀. Kò sí ìdíje, kò sí ẹ̀bùn fún èyí tó dára jù, kò sí fọ́tò ojú ẹnikẹ́ni lórí Facebook. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ wọn títí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yóò fi pé. Bí owó bá ti wọ̀ ọ́, aṣọ tí kò dáa á di ẹ̀bi. Ìwàásù náà ń ba ìjókòó yìí jẹ́: ọmọ tó bá sọ pé ayé sú òun, tí ẹ sì ní kó lọ gbààwẹ̀, kò ní sọ èkejì.

Ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ohun tí wọ́n bá sọ kò ní jáde, àfi bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu. Ẹni tí oorun, oúnjẹ àti ìwẹ̀ ti sú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tó ń pín ẹrù rẹ̀ tó sì ń sọ̀rọ̀ ikú, ti kọjá ohun tí ìko lè gbé. Ẹ bi í ní tààrà, ní ìkọ̀kọ̀, bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ pe ẹbí tó fọkàn tán, kí ẹ bá a dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aro ni. A mọ̀ pé orúkọ yẹn ti di èébú lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì dùn wá, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa gbé láàárín ará àdúgbò. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún àwọn òbí kí ẹ tó dárúkọ ilé ìwòsàn náà fún wọn. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín kí ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba aláìsàn tuntun, ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì àti iye tó jẹ́, torí òbí tí ẹ̀rù ti bà tẹ́lẹ̀ á yíjú padà ní ẹnu ọ̀nà bí kò bá mọ ibi tí yóò gbà.

Ọjà kan ló kù tí a fẹ́ kẹ́ ẹ rà: àpò láílọ́ọ̀nù tó mọ́lẹ̀ kedere, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti máákà tí omi kò lè pa rẹ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ìpàdé bá parí, aṣọ tí kò tíì dì tán, òkúta rẹ̀ àti ìko rẹ̀ á wọ àpò tí orúkọ rẹ̀ wà lára. Ẹ tàn án díẹ̀ kó gbẹ kí ẹ tó dé àpò náà, kó má bu. Bí ẹnì kan kò bá wá lọ́sẹ̀ kan, ẹ má fún ẹlòmíràn ní aṣọ rẹ̀, ẹ má bá a parí rẹ̀. Ẹ gbé àpò náà sórí ẹní níbi tó máa ń jókòó, kí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ láago lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó sọ fún un pé kókó mẹ́tàdínlógún ló ti dì, aṣọ rẹ̀ ń dúró dè é.